Bí ilé ṣe lè tura nígbà ooru àti nígbà òtútù, láì jẹ́ pé rìmóòtù nìkan lẹ gbójú lé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ara rìmóòtù AC ná. Ìjà tó pọ̀ jù nínú ilé lórí ooru àti òtútù, orí nọ́ńbà tó wà lára rìmóòtù ni wọ́n ń jà á lé. Ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé AC sí 18, ẹlòmíì á ní òtútù ti fẹ́ pa òun, pé 26 ló tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n á máa já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nọ́ńbà yẹn ò sì sọ ju ohun kan ṣoṣo lọ, ìyẹn bí atẹ́gùn inú yàrá ṣe gbóná tó. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Denmark kan, Ole Fanger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tó ń mú kí ara tu èèyàn nínú ilé, nǹkan mẹ́fà ló kà: bí atẹ́gùn ṣe gbóná tó, bí ògiri àti sílìn àti gíláàsì tó yí wa ká ṣe gbóná tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí, ọ̀rinrin tó wà nínú atẹ́gùn ọ̀hún, aṣọ tó wà lára wa, àti iṣẹ́ tí ara wa ń ṣe lọ́wọ́. Mẹ́fà o! Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ń gbálẹ̀ fi máa ń láàgùn nínú yàrá kan náà tẹ́ni tó jókòó ti ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Torí náà kẹ́ ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ bá márùn-ún tó kù yẹn ṣe ná. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń fi AC méjì tàbí hítà méjì wàhálà ara wọn, ẹyọ kan á tó wọn ká ní wọ́n ti dí ibi tí ooru ń gbà wọlé tàbí ibi tó ń gbà jáde, àwọn míì ò tiẹ̀ ní nílò ẹ̀rọ kankan fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún.

Ẹ wá ibi tí ooru ń gbà wọlé

Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, bíi aago méjì sí mẹ́rin, ẹ rìn yí inú ilé ká, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ fọwọ́ kan ògiri kọ̀ọ̀kan, ẹ gun àga kẹ́ ẹ fọwọ́ kan sílìn, ẹ fọwọ́ kan gíláàsì wíńdò. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ tún un ṣe. Ògiri tó bá ṣì gbóná lálẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ mú lójú, torí pé búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré máa ń fa ooru mu látàárọ̀, wọ́n á wá máa tú u sínú yàrá lásìkò tẹ́ ẹ fẹ́ sùn gan-an. Ẹ lè tan AC títí tí atẹ́gùn yàrá á fi tutù dáadáa, tí bẹ́ẹ̀dì yín bá fara ti irú ògiri bẹ́ẹ̀, ara yín ò ní balẹ̀. Gbígbé bẹ́ẹ̀dì lọ sápá ibòmíì nínú yàrá kan náà ò ná yín ní nǹkan kan, ẹ gbìyànjú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì.

Wíńdò tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló máa ń fa wàhálà jù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, á gba abẹ́ òrùlé wọlé tààrà, ilé tó sì ti gbóná látàárọ̀ ló máa bá. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró. Mo mọ̀ pé kọ́tínì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, kọ́tínì dáa, ó sàn ju kó má sí nǹkan kan lọ, àmọ́ kí oòrùn tó kan kọ́tínì ó ti kọjá gíláàsì ná, ó ti wọlé, kọ́tínì fúnra ẹ̀ á gbóná, ooru ọ̀hún á sì há sínú ilé pẹ̀lú yín. Igi, ẹní tẹ́ ẹ fi kọ́ níta wíńdò, ìbòrí tó yọ síta dáadáa, ìlẹ̀kùn pákó tí wọ́n ń pa dé ojú wíńdò láti ìta, ohunkóhun tó bá ti lè mú kí òjìji bo gíláàsì kí oòrùn tó dé ibẹ̀, òun ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Níbi tí oòrùn ti máa ń wà ní àárín orí lọ́sàn-án, òrùlé ló ń jẹ ìyà jù lọ, sílìn yín á sì sọ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Páànù tó ti dógùn-ún tàbí tó láwọ̀ dúdú máa ń fa ooru gan-an, kíkùn ún ní funfun máa ń mú kó da oòrùn padà. Tí agbára ẹ bá gbé e, ẹ tẹ́ ohun tó ń dí ooru lọ́nà sórí sílìn, irú wúùlù tàbí fóòmù tí wọ́n dìídì ṣe fún un, kẹ́ ẹ sì fi ihò sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa kọjá láàárín sílìn àti páànù. Nínú gbogbo ohun téèyàn lè náwó lé lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo fara mọ́ jù, torí pé bó ṣe ń dí ooru lọ́nà lásìkò ooru náà ló ṣe ń dá a dúró sínú ilé lásìkò òtútù.

Ooru tá à ń fọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ nínú ilé náà wà níbẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń jóni lọ́wọ́ yẹn, bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń jẹ, ooru ló ń dà, ìwọ̀nba tó kù ló ń tàn, ẹ fi LED rọ́pò ẹ̀. Fíríìjì ń tú ooru jáde láti ẹ̀yìn, ẹ má kàn án mọ́ ògiri. Téèyàn bá jókòó jẹ́jẹ́ lásán, nǹkan bí 100 watt ooru lara ẹ̀ ń tú sínú yàrá, torí náà tí èèyàn mẹ́wàá bá kóra jọ sí pálọ̀, ó dà bíi pé ẹ tan hítà kékeré kan síbẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí wíńdò wà ní ṣíṣí?

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Tí ìta bá gbóná ju inú ilé lọ, ẹ pa wíńdò dé, tí ìta bá tutù ju inú lọ, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ojú ọjọ́ ti gbẹ, tí alẹ́ sì máa ń tutù dáadáa, ẹ ṣí wíńdò mọ́jú, kí ògiri lè tutù, kẹ́ ẹ wá pa á dé láàárọ̀ kí oòrùn tó le, ilé á tutù di ọ̀sán gan-an. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ tí ọ̀sán àti alẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìyẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára yín lẹ máa gbára lé, ẹ jẹ́ kó ráyè kọjá. Kó tó lè kọjá sì rèé, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń gbà wọlé kó ní ibi tó ń gbà jáde. Wíńdò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ nínú yàrá tẹ́ ẹ tilẹ̀kùn ẹ̀ ò lè ṣe ju ìwọ̀nba lọ. Ẹ ṣí méjì tó dojú kọra, tí kò bá sí, ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá kẹ́ ẹ sì ṣí wíńdò tó wà lápá kejì ilé. Atẹ́gùn gbígbóná máa ń lọ sókè, torí náà ihò tó bá wà lókè ògiri tàbí wíńdò òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ń bá yín tú u dà nù.

Fáànù kì í mú yàrá tutù. Èèyàn ló ń mú tutù. Ó ń fẹ́ òógùn kúrò lára wa, òógùn tó ń gbẹ ló ń mú ooru lọ, mọ́tò inú fáànù fúnra ẹ̀ sì ń tú ooru díẹ̀ síta, ìyẹn ni pé fáànù tẹ́ ẹ tàn kalẹ̀ sínú yàrá tí kò séèyàn, iná lẹ kàn ń jó dà nù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, kò séyìí tó dà bí ẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ tí kì í jẹ iná púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá tan fáànù sílìn pẹ̀lú AC, ẹ lè gbé AC sókè ní nǹkan bí 2°C kí ara yín má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ tí ìta bá ti tutù, ẹ gbé fáànù onídùúró sójú wíńdò kan kó kọjú síta, kó máa lé atẹ́gùn gbígbóná jáde, kí tútù máa gba wíńdò kejì wọlé.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ooru yàrá bá ti dé 40°C, fáànù ò ṣèrànwọ́ mọ́, atẹ́gùn tó gbóná ju ara lọ ló ń fẹ́ sí yín lára, ṣe ló máa dá kún un. Nígbà yẹn omi ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi aṣọ tútù nu ara, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ mumi léraléra, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó tutù lọ.

Ọ̀rinrin

Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú atẹ́gùn, òógùn ò ní gbẹ, á kàn máa ṣàn ni. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin pọ̀, ẹ gbé e sí yàrá tẹ́ ẹ máa ń pẹ́ jù nínú ẹ̀, kó jìnnà sí oòrùn. Tí ọ̀rinrin bá wà láàárín ìdá 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dáa. Tó bá ti ń kọjá 60 lójoojúmọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo kọ̀ọ̀rọ̀ ògiri àti ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, torí nǹkan dúdúdúdú tó máa ń hù lára ògiri yẹn ò ní pẹ́ yọ, kì í sì í dáa fún èémí àwọn tó ní asíímà. Ẹ má sá aṣọ tútù sínú yàrá téèyàn ń sùn, ẹ ṣí wíńdò bálùwẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ dé ìkòkò tó ń hó lórí iná.

Fáànù tí wọ́n ń bu omi sí nínú, ibi tí ojú ọjọ́ ti gbẹ nìkan ni wọ́n ti ń wúlò. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, omi lẹ tún ń bù kún omi, ara yín á lẹ̀ papọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á ò ní sọ èyí fún yín.

Tó bá wá di AC

Ọdún 1902 ni Willis Carrier ṣètò ẹ̀rọ amúlétutù tá a mọ̀ lóde òní, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ló sì ṣe é fún, torí ọ̀rinrin ń mú kí bébà wọn fẹ̀ kó sì tún sún kì, àwọ̀ ò wá ń bọ́ síbi tó yẹ mọ́. Ẹ rí i pé ọ̀rinrin ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Mò ń sọ ọ́ torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ríra AC ti ń wá. Èèyàn á rò pé èyí tó tóbi jù ló dáa jù. AC tó tóbi ju yàrá lọ á mú atẹ́gùn tutù wàràwàrà, á sì dáwọ́ dúró kó tó ráyè fa ọ̀rinrin jáde, yàrá á wá tutù ṣùgbọ́n kó máa rin gbindin, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nọ́ńbà wálẹ̀ sí i. BTU ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀, 12,000 BTU ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi 3.5 kilowatt ooru tó ń kó jáde. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó máa gbé e kọ́ wọn yàrá, kó bi yín ibi tí wíńdò kọjú sí, bí sílìn ṣe ga sí, àti iye èèyàn tó ń wà níbẹ̀. Tí kò bá béèrè ìkankan nínú ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Gbígbé e sí 16 ò ní mú kí AC lásán tètè mú yàrá tutù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní 16 náà ló ń ṣiṣẹ́ ní 25, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 25 tàbí 26 pẹ̀lú fáànù, kẹ́ ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kò bá tó. Lálẹ́ tí kò gbóná púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin pọ̀, ẹ lo bọ́tìnì tó ní àwòrán omi kán tó tó, ọ̀rinrin ló ń fà jù. Ẹ yọ fílítà ẹ̀ fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì lásìkò tẹ́ ẹ ń lò ó lójoojúmọ́, omi lásán ti tó, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Tó bá ń jò sínú yàrá, páìpù tó ń gbé omi ẹ̀ jáde ló sábà máa ń dí. Apá AC tó wà níta náà, ẹ má kó ẹrù tì í, ẹ má sì jẹ́ kí koríko bò ó.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gáàsì AC kì í tán. Kì í ṣe epo tí ẹ̀rọ ń jó, yíyí ló ń yí po nínú páìpù tó dé pa. Tí wọ́n bá ní ó ti dín kù, á jẹ́ pé ó ń jò níbì kan, ẹ ní kí wọ́n wá ibẹ̀ kí wọ́n dí i kí wọ́n tó rọ òmíì sí i. Gáàsì àtijọ́ bíi R22 wà lára àwọn tó ń ba ìpele ozone jẹ́, ìyẹn ìpele gáàsì tó wà lókè sánmà tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, torí irú wọn ni wọ́n ṣe ṣe àdéhùn Montreal lọ́dún 1987, àwọn kan tí wọ́n ń lò báyìí bíi R32 àti R290 sì lè gbiná, kì í ṣe ohun téèyàn tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ lè máa tú.

Nígbà òtútù

Kéèyàn máa tan hítà sínú ilé tí atẹ́gùn ń gba gbogbo ihò ẹ̀ kọjá, omi ló ń pọn sínú ajere. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ níta, ẹ sun tùràrí ẹyọ kan, ẹ gbé e lọ sí etí wíńdò àti ilẹ̀kùn, kó jìnnà sí kọ́tínì, ibi tí èéfín ẹ̀ bá ti ń yí gbiri, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rọ́bà tàbí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ dí. Ẹ ká aṣọ tẹ́ sídìí ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ẹ ṣí kọ́tínì wíńdò tí oòrùn ń gbà wọlé, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ fà á dé. Ẹ gbé àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì torí gíláàsì tútù ń fa ooru ara yín, àní tí yàrá bá tiẹ̀ móoru.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí inú ilé má tutù ju 18°C lọ níbi tí òtútù ti máa ń mú, ó sì yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ fáwọn àgbàlagbà, ọmọ kékeré àti aláìsàn.

Lórí hítà oníná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín. 1,500 watt ni 1,500 watt, ì báà jẹ́ olówó gọbọi, ì báà ní fáànù, ì báà ní epo nínú, ooru kan náà ló máa tú síta, ìrísí àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó tutù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á ló yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ gan-an ni AC tó lè ṣe ooru náà, torí kò ṣẹ̀dá ooru, ṣe ló ń kó o wọlé láti ìta, ó sì lè kó ìlọ́po méjì sí mẹ́rin iná tó jẹ. Tẹ́ ẹ bá ti ní irú AC bẹ́ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ lò. Hítà, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó mítà kan sí kọ́tínì, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ, ẹ fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà, ẹ má gba inú ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó sùn. Bó ti wù kó tutù tó, ẹ ṣí wíńdò gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójúmọ́, ògiri ò ní ráyè tutù láàárín ìyẹn, àmọ́ ọ̀rinrin àti atẹ́gùn tá a ti mí sí á jáde.

Iná èédú, jẹnẹrétọ̀ àti oorun

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì nìyí. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá téèyàn fẹ́ sùn sí, kódà tí kò bá yọ èéfín mọ́, kódà tó bá ti pọ́n rẹ̀rẹ̀. Èédú, igi, kẹrosín, gáàsì ìdáná àti jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló lè tú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n mònósáìdì jáde, kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí, ó sì máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti sùn lè má jí. Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì, kí ara kàn máa rẹni láìnídìí, tó bá ń ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ń lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bọ́ síta, ẹ sá jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ ti ìta pe àwọn pàjáwìrì. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 6 sí ilé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ má kọjú sí wíńdò ẹnikẹ́ni, títí kan ti aládùúgbò. Àláàmù kékeré kan wà tó ń han tó bá gbọ́ gáàsì yìí nínú afẹ́fẹ́, ilé tó bá ń dáná ohunkóhun nínú ẹ̀ yẹ kó ní in lẹ́bàá yàrá ìsùn.

Ibi tí oníkálukú máa sùn

Ara wa máa ń tutù díẹ̀ láti inú tí oorun bá ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí yàrá gbígbóná fi ń lé oorun lọ. Téèyàn bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì kó tó sùn, ẹ̀jẹ̀ á sún mọ́ ojú awọ, ooru á jáde, oorun á sì tètè gbé e, nígbà ooru gan-an pàápàá.

Ọmọ ìkókó ò lè ká aṣọ kúrò lára ẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, torí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọdé sábà máa ń tutù bó ti wù kó rí. Tí ibẹ̀ bá gbóná tó ń láàgùn, ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò, ẹ má sì dé e ní fìlà sùn. Àwọn àgbàlagbà ní tiwọn, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n mọ́ bíi tàtijọ́, ẹ má dúró kí wọ́n bèèrè omi, ẹ máa gbé e fún wọn. Tí ooru bá mú ẹnikẹ́ni débi tó ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù mọ́, ẹ pe dókítà, ẹ gbé e síbòòji, ẹ máa da omi tútù sí i lára kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ ẹ títí ìrànwọ́ á fi dé.

Fún àwọn tó ń jìjà rìmóòtù, ẹ jẹ́ kẹ́ni tí ooru máa ń mú jù sùn síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tààrà, kẹ́ni tí òtútù máa ń mú lọ sápá kejì pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí bùláńkẹ́ẹ̀tì kan fún èèyàn méjì ló máa ń dá gbogbo ìjà sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ yí ẹnu AC sókè, kó máa fẹ́ sí sílìn, kí atẹ́gùn tútù máa rọra sọ̀ kalẹ̀, kó má máa gbá ẹnikẹ́ni lójú mọ́jú.